Ṣọ́ọ̀bù onítẹ̀wé kan l'Abẹ́òkúta tí dìsáínà kì í sá kúrò níbẹ̀

Ẹ má bi mí lórúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí o. Ìyá tó ni ín ló ní kí n má kọ ọ́, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á débi tó kẹ́yìn. Ohun tí mo lè sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ti Kútọ̀ bọ́, tẹ́ ẹ kọrí sí Panṣẹ́kẹ́, ẹ máa kọjá níwájú wọn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ti gbó, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, báńnà tiwọn fúnra wọn ò tiẹ̀ tóbi. Àwọn tó mọ̀ ti mọ̀.

Màmá wa ló papòdà lọ́dún 2024, ẹni ọdún 84. Èmi ni àbígbẹ̀yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo mọ nǹkan dìsáínì nínú ilé, kí n lọ bójú tó ìwé ètò ìsìnkú. Wọn ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan dìsáínì gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo jẹ́ ọ̀gá fún àwọn dìsáínà márùn-ún ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń ṣe áàpù, ilé mi l'Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣe é, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni mò ń wọkọ̀ lọ s'Ékòó. Kí n tiẹ̀ sọ pé márùn-ún ni wọ́n tẹ́lẹ̀, torí láàárín ọdún kan, mẹ́ta ti lọ. Ọ̀kan lọ sí Kánádà, ìyẹn ò dùn mí, ta ni ò fẹ́ lọ. Àwọn méjì yòókù ò kúrò ní Nàìjíríà o, ilé iṣẹ́ míì ni wọ́n gbà lọ, owó tí wọ́n sì fi kún ti ọ̀kan nínú wọn ò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, òun ló jẹ́ kí n máa wo nǹkan tí kọ́sítọ́mà míì ò ní wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó ná kẹ́ ẹ má baà máa bi mí. Ìwé ètò olójú ewé 24, ẹyọ 300, ₦1,800 ni ẹyọ kan, ₦540,000 nìyẹn, báńnà méjì àti káàdì ìpè lọ́tọ̀. Ó wọ́n. Ibòmíì tá a bèèrè pè é ní ₦1,300, ṣùgbọ́n nígbà tí mo di pépà wọn mú, èèpo àlùbọ́sà nípọn jù ú lọ.

Kì í sì í ṣe pépà nìkan ni ìṣòro wa. Nígbà tí Bàbá kú ní 2015, ibòmíì la gbé iṣẹ́ lọ, mi ò ní sọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọjọ́ mẹ́ta kọ oríkì Bàbá sílẹ̀, nígbà tí ìwé jáde, gbogbo àmì, tòkè tìsàlẹ̀, ti já dànù. Ibi tí Màmá ti kọ "ọkọ mi ọ̀wọ́n" di "oko mi owon". Oko tí wọ́n ń ro ni àbí òmíràn, ẹ̀yin náà ẹ kà á bó bá ṣe wù yín, àwọn àna rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìdí mú. A padà lọ bá wọn, wọ́n ní ọmọ tó ṣe é ti kúrò. Ẹni tá a bá lórí kọ̀ǹpútà ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún kejì mo tún lọ ṣe nǹkan kékeré kan níbẹ̀, ojú tuntun ni mo tún bá. Iwájú ni ọ̀gá wọn máa ń jókòó sí, tí kọ́sítọ́mà bá ti ní iṣẹ́ ò dáa, á kàn yí ọrùn sẹ́yìn, "Ẹ̀yin wèrè yìí, ẹ ti tún bà á jẹ́!" Lójú gbogbo èèyàn. Ta ló máa dúró níbẹ̀?

Ká wá padà sí ti ìsinsìnyí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ. Ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Mọ́mì ni gbogbo èèyàn ń pè é, àti ọmọ iṣẹ́ àti kọ́sítọ́mà. Mo ti ń kó fọ́tò jáde nínú báàgì fún un, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ara-fẹ́ra-kù, Ọlọ́run á tu yín nínú. Èmi kọ́ lẹ máa kó o fún o. Ẹni tó máa ṣe é nìyẹn." Ló bá nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì, kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ọmọ yẹn fa àga wá, ó tẹ́ pépà, kò tíì tan kọ̀ǹpútà o. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú aṣọ wo ni Màmá máa ń fẹ́ràn?" Ó ní ṣé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò àbí wọ́n máa ń le ojú. Ó wá ní, "Ta ló máa ka oríkì yẹn lọ́jọ́ náà? Ṣé wọ́n ń lo gíláàsì?" Èyí tó bi kẹ́yìn yẹn ló bá mi. Àǹtí wa tó ń ka oríkì ti lé ní àádọ́rin ọdún, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ò lè ṣe é. Àwa ò rò ó dé ibẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀, oríkì, lẹ́tà ńlá, ojú ewé méjì. A lò tó wákàtí kan lẹ́nu ẹ̀, Ìyá ò dá sí i, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo pé kọ́lọ̀ wáìnì lòun fẹ́, tí èmi náà ń sọ pé búlúù, ló wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ẹ yan ẹni kan tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí ò lè sin ọ̀gá méjì lórí iṣẹ́ kan."

Nǹkan kan wà lára ògiri wọn, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́: àtúnṣe méjì, ọ̀fẹ́ ni, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ₦5,000, ti dìsáínà ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n ìgbowó ni. Mo bi Ìyá, ó ní kọ́bọ̀ ò wọ àpò òun níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ló ni ín, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á sì fún un. "Tí wọ́n bá ní kí èèyàn tún nǹkan kan náà ṣe nígbà mẹ́jọ tí kò rí nǹkan kan he níbẹ̀, ìgbà kẹsàn-án, ibòmíì ló máa lọ tún un ṣe." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dé ikùn, torí mo rántí àwọn fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwa, final, final2, final tòótọ́, final tí ọ̀gá fọwọ́ sí, èmi yìí ni mo ń gbé gbogbo ẹ̀ dé lálaalẹ́ lórí Wáásáàpù, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yí i díẹ̀". Kò sẹ́ni tó ń sanwó "díẹ̀" yẹn fún wọn. (Àwa náà san ₦5,000 nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ló fà á, ó yí ọkàn padà lórí wáìnì.)

Ìgbà kejì tí mo lọ, iṣẹ́ ti dé orí oríkì, ọmọ onígíláàsì ń bá fọ́ntì, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, jà. Tó bá tẹ ọ́, àmì orí á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Èyí àgbà inú wọn, ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, ó dìde níbi iṣẹ́ tiẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún un jẹ́jẹ́ pé ọ ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ́ ò ní, ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì orí lé ọ lórí lọ́tọ̀, fọ́ntì tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí á kàn jù ú síbi tó bá rí. Ó bá a mú Noto, ti Google, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo àmì jókòó síbi tó yẹ kí wọ́n jókòó. Ogún ìṣẹ́jú ni, kọ́sítọ́mà sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá ò wo aago. Tèmi tí mo ń jókòó lọ́fíìsì ńkọ́? Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó lọ yẹn ń ran ẹnì kejì ẹ̀ lọ́wọ́, mo rántí pé mo kọ sí i pé, "Ṣé iṣẹ́ tìẹ ti parí ni?"

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nípa àwòrán kan tó wà lókè orí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ti ya á tóbi, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ìwé Ìròhìn ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta ẹ mọ̀ ọ́n, ìwé ìròyìn ni, Henry Townsend, míṣánnárì òyìnbó, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1859, lédè Yorùbá, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ilé àwọn oníròyìn ní Òkè-Ìléwó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ dòní. Ìyá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ tuntun bá wọlé, òun á mú un rin ìrìn àjò ẹsẹ̀ dé Aké, òun á sì sọ fún un pé, "Àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ni wọ́n kọ́ ní títo lẹ́tà. Èkó tó ò ń wò yẹn, 1863 ni wọ́n tó tẹ ìwé ìròyìn tiwọn. Má jẹ́ kí n tún gbọ́ pé báńnà ìsìnkú lásán lò ń ṣe." Mo fẹ́ dán an wò díẹ̀, mo ní Mọ́mì, ṣé ẹ máa ń sọ fún wọn pé 1867 ni Ìwé Ìròhìn kógbá sílé, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde? Ó wò mí. Ó ní ìyẹn ò kan àwọn tó ń to lẹ́tà.

Ìyá fúnra ẹ̀ lẹ́tà òjé ló fi bẹ̀rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ kan wà lábẹ́ tábìlì ẹ̀, ó fà á jáde fún mi, lẹ́tà kéékèèké tó ti dúdú, èèyàn á máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka, á máa tò wọ́n tẹ̀ léra wọn. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ máa ń fi rúlà gbá òun níka tí òun bá to ọ̀kan sódì, òun sì búra lọ́jọ́ yẹn pé òun ò ní ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ kankan.

Ó dáa, àṣìṣe tí wọ́n ṣe fún wa rèé, torí èèyàn ò lè kàn máa yìn wọ́n. Báńnà àkọ́kọ́ jáde, ó rẹwà, fọ́tò Màmá ń dán, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti tú u wò kó tó gbé e sínú ọkọ̀. Wọ́n kọ 1904 sí 2024. Màmá ti di ẹni ọgọ́fà ọdún! Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ bóyá kó sunkún àbí kó rẹ́rìn-ín. Èmi dúró, mò ń retí ariwo. Ìyá ní kí wọ́n tẹ́ báńnà sílẹ̀, kí àwọn dìsáínà ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá. Ó ní, "Ibo ló gbà wọlé?" Kò ní ta ni o. Wọ́n ń wá a, ni ọ̀rọ̀ bá jáde pé ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló yẹ kó ka gbogbo nọ́ńbà sókè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n iná lọ lọ́jọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, nígbà tó tàn wọ́n ń sáré, wọ́n fò ó. Ó ní ó dáa, kí wọ́n tẹ òmíràn. Ọmọkùnrin tó kéré jù nínú wọn, òun ló ṣe é, òun fúnra ẹ̀ ló gbé tuntun wá bá wa ní Lafẹ́nwá lálẹ́ ọjọ́ yẹn lórí ọ̀kadà, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi í ní ìkọ̀kọ̀ pé ṣé wọ́n á yọ ọ́ nínú sálárì ẹ̀, ó ní Mọ́mì kì í yọ owó. Nígbà tí mo padà débẹ̀, pépà kékeré kan ti wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: "Ta ló kà á sókè?" àti àyè tí èèyàn máa fọwọ́ sí.

Ti owó oṣù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni Ìyá fi ń dá wọn dúró. Mo rọra bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀m níbẹ̀ ń gbà ju ₦77,000 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024, àwọn àgbà sì ní ìdá tiwọn lórí iṣẹ́ tí kọ́sítọ́mà bá fi orúkọ wọn bèèrè. Mo sọ èyí torí nígbà kan tí ilé iṣẹ́ wa rán wa lọ sí tréníǹgì, wọ́n sọ ìtàn Edward Deci fún wa, ará Amẹ́ríkà tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré àdììtú kan lọ́dún 1971, àwọn tó fowó fún, nígbà tí owó dúró, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀gá wa ò gbọ́ nǹkan míì níbẹ̀ ju pé owó kọ́ ni gbogbo nǹkan. Lọ́dún yẹn wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó wa, T-shirt ni wọ́n pín. Ìyá sanwó ná, kó tó di pé ó sọ ti Townsend fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìwé ètò wa, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà kékeré kan wà, orúkọ ọmọ onígíláàsì, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù nìkan. Gbogbo iṣẹ́ wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èèyàn méjì wọlé tí wọ́n ń bèèrè ẹni tó ṣe ti lágbájá, wọ́n dá orúkọ ọmọ náà. Ọ̀gá míì á ní wọ́n á fi bẹ́ẹ̀ kó kọ́sítọ́mà òun lọ. Mo sọ ọ́ fún Ìyá. Ó ní àwọn méjì ti kúrò lọ́dọ̀ òun láti ọjọ́ yìí, òun ṣe fírídọ̀m fún wọn, òun se ìrẹsì, ọ̀kan ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Ṣàgámù, tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, ọ̀dọ̀ òun ló ń gbé e wá.

Àwọn ibi tó kù sí rèé. Wọn kì í gba iṣẹ́ pàjáwìrì, tẹ́ ẹ bá ń sin òkú lọ́la ẹ má wulẹ̀ lọ. Lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ẹ lè pe fóònù wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sán Wednesday, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn láti aago méjì, ìgbà yẹn ni wọ́n ń kọ́ ara wọn ní nǹkan tuntun, mo lọ lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀, mo gbọ́ ẹ̀rín wọn látìta, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò sí rárá, àwọn agbófinró ojú títì fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ẹ má sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn lórí Wáásáàpù, á ti fọ́, ẹ gbé èyí tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù lọ.

Ohun kan tí mo bá Ìyá jà lé lórí ni pé kò sí pẹ́ńṣọ̀n fún àwọn ọmọ náà. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ò fi dandan mú un torí wọn ò tó èèyàn 15, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àjọ ni wọ́n jọ ń dá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fún èèyàn ní ọdún mọ́kànlá, ṣé àjọ lásán ni? Mo sọ ti pẹ́ńṣọ̀n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba gbé jáde ní 2019 fún un, ó ní òun á rò ó, ó sì ní kí ọmọ àgbà yẹn kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣe ojú ayé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Àǹtí gbé ìwé náà sókè, ó ka oríkì láti "Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí" títí dópin, kò kọsẹ̀, kò wá gíláàsì. Mo ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àmì yẹn lórí ìwé bó ṣe ń kà á.

Ìyẹn ló kó mi sí wàhálà. Lọ́sẹ̀ kejì mo pe ọmọ onígíláàsì. Mo ní a ní àyè mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ wa, ó lè ṣe é láti ilé, mo dá owó kan, ìlọ́po méjì ohun tó ń gbà ni. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣé èmi fúnra mi ni màá máa bá àwọn tó ni iṣẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Àwa kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń gbé iṣẹ́ wọn wọ mítíìnì, tí mò ń bá wọn gbèjà ẹ̀, tí mò ń gba oríyìn ẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ọdún méjì, mi ò mọ bí yàrá yẹn ṣe rí nínú." Mo sọ fún ọmọ náà pé màá pè é padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, mi ò tíì pè é.

Ó sọ fún Ìyá, kò fi pamọ́. Nígbà tí mo lọ san owó tó kù, Ìyá ò bínú, ó tiẹ̀ bu ẹ̀pà fún mi. Mo ní Mọ́mì, mo fẹ́ kọ nǹkan nípa yín, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ yín. Ó ní, "Kọ ohun tó o rí. Ṣùgbọ́n má kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa o. Irú ẹ pọ̀ l'Ékòó."